Ewéko Inú Ìkòkò àti Gbèsè Ẹni Tí Ó Ń Kó Lọ

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kó kúrò nílé kan lọ sí òmíràn rí mọ bí iṣẹ́ náà ti ń lọ. A ó kọ́kọ́ di aṣọ àti ìwé, a ó tú ibùsùn, a ó fi ìwé ìròyìn wé àwo kí ó má baà fọ́. Nígbà tí ọkọ̀ bá kún tán, tí awakọ̀ sì ti ń kánjú, ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ohun kan ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà: àwọn ìkòkò ewéko. Ẹnì kan á ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, a ó rí òmíràn níbẹ̀." Ẹlòmíràn á ní, "Ẹ gbé wọn wá, àyè díẹ̀ ṣì kù." Ẹnì kẹta á ní kí a gbé wọn fún ará ilé kejì. Kò gba ìṣẹ́jú kan láti sọ gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Síbẹ̀, ìbéèrè tí ó wà nínú wọn kò kéré: gbèsè wo ni a jẹ ohun alààyè tí àwa fúnra wa sọ di ohun tí kò lè dá gbé láìsí wa?

Ní Ìdáàṣà, ọ̀rọ̀ kíkó kúrò nílé kì í ṣe àlejò. Oríta ni ìlú wa. Níbẹ̀ ni ọ̀nà tí ó ti Kùtọnu wá, nǹkan bí 200 kìlómítà, ti pín sí méjì: ọ̀kan gba Ṣábẹ̀ lọ sí Parakou, èkejì gba Savalou lọ sí Natitingou. Olùkọ́ tí ìjọba ṣí nípò, nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé lọ sí ìlú mìíràn, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yege ìdánwò BAC tí ó sì ń lọ sí Yunifásítì Abomey-Calavi, oríta yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà kọjá pẹ̀lú ẹrù. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa ronú lórí ohun tí ó kéré jù lọ nínú ẹrù náà, nítorí pé ohun kékeré a máa fi ìwà ẹni hàn ju ohun ńlá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ìkòkò ń ṣe sí ewéko. Ẹni tí ó bá gun ọ̀kan nínú àwọn òkè wa, tí wọ́n tìtorí wọn ń pe Ìdáàṣà ní ìlú òkè 41, yóò rí igi tí ó hù láàrin àpáta níbi tí erùpẹ̀ kò ti tó ẹ̀kúnwọ́ méjì. Gbòǹgbò rẹ̀ ti wá ojú àpáta tí ó là, ó ti gba ibẹ̀ wọlé, ó ti lọ bá omi níbi tí omi wà. Kò sí ẹni tí ó bomi rin ín. Ó gba àkókò, ó sì rí ọ̀nà. Ewéko inú ìkòkò kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ á lọ títí yóò fi kan ògiri ìkòkò, á yí po, á tún yí po, títí yóò fi di òṣùká. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí òrùlé, kò kàn án. Bí ọyẹ́ bá dé ní oṣù Kejìlá, tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, kò lè wá omi lọ sísàlẹ̀ ju ibi tí ìkòkò mọ. A ti gba agbára wíwá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, a sì ti fi ọwọ́ wa rọ́pò agbára náà.

Ibí yìí ni mo rò pé gbèsè náà ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe nítorí pé ewéko náà lẹ́wà, kì í sì í ṣe nítorí pé a fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ìfẹ́ lè tán. Ó jẹ́ nítorí pé àwa ni a fi í sípò tí kò ti lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó gbé ohun alààyè sínú ìkòkò ti ṣe ìlérí kan, bí kò tilẹ̀ la ẹnu. Ọjọ́ tí a bá ń kó lọ ni a ó mọ̀ bóyá ìlérí ni tàbí eré.

Àwọn kan yóò takò mí. Wọ́n á ní ewéko kì í sunkún. Aristotle, amòye ilẹ̀ Gíríìkì ayé àtijọ́, ti pín ọkàn àwọn ohun alààyè sí ipele ipele: ti ewéko ń mú un jẹun, dàgbà, kí ó sì bí irú ara rẹ̀, ti ẹranko fi ìmọ̀lára kún un, ti ènìyàn sì fi ìrònú kún un. Bí ewéko kò bá ní ìmọ̀lára, báwo ni ènìyàn ṣe lè ṣẹ̀ ẹ́? Àtakò yìí lágbára. Ojoojúmọ́ ni a ń já ewúro, tí a ń ro oko, tí a ń gé ẹ̀ka tí ó dí ojú ọ̀nà, kò sì sí ẹni tí ó pe èyí ní ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé ewéko àti ènìyàn dọ́gba kò tíì ronú dáadáa.

Ṣùgbọ́n gbèsè kì í ti ara ìrora nìkan wá. Àwọn àgbà wa wí pé òkú kò mọ iye a ra àgọ̀. Òótọ́ ni, òkú kò mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ a ń ra àgọ̀ náà, a sì ń rà á dáradára. Ẹni tí ó bá fi òkú bàbá rẹ̀ sílẹ̀ láìbò, tí ó wá ń ṣàwáwí pé bàbá kò mọ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a jiyàn lórí ìmọ̀ òkú. Ìwà òun fúnra rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn yóò máa wò. Bákan náà ni àwọn oníṣègùn wa kì í kàn já ewé bí ẹni ń jalè. Wọ́n á kí i, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Pierre Verger, tí a bí ní Paris ní ọdún 1902, tí ó sì di babaláwo ní Kétu ní ọdún 1953 pẹ̀lú orúkọ Fátúmbí, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ìmọ̀ ewé àti ọfọ̀ wọ̀nyí jọ sínú ìwé rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Ewé. Mo rò pé ẹni tí ó ń kí ewé kò sọ pé ewé jẹ́ ènìyàn. Ohun tí ó ń sọ ni pé òun mọ̀ pé òun ń gba nǹkan, òun kò sì fẹ́ gbà á bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Bí ó bá jẹ́ pé gbèsè wà, ta ni a jẹ? Mo rí ẹni mẹ́ta: ewéko náà, ibi tí a ń fi sílẹ̀, àti ibi tí a ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rí ju ẹnì kan lọ nígbà tí a bá ń kó ẹrù, ẹni náà sì ni ara wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ewéko. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ ọgbà kì í pààrọ̀ ìkòkò ní ọjọ́ tí wọ́n bá kó dé ilé tuntun. Ìdí rẹ̀ rọrùn láti lóye. Gbòǹgbò ńlá tí a ń fojú rí kọ́ ni ó ń mu omi jù. Àwọn irun wẹ́wẹ́ tí ó wà lẹ́nu gbòǹgbò kéékèèké ni. Bí a bá tu ewéko jáde, púpọ̀ nínú irun wọ̀nyí a já, ewé á rọ nítorí pé omi tí ń jáde lára rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ń wọlé lọ. Kíkó lọ sí ilé mìíràn ní ìnira tirẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ń ti ibòmíràn wá, atẹ́gùn yàtọ̀, ewé díẹ̀ sì lè rẹ̀ dànù kí ara tó mọlé. Ẹni tí ó bá fi ìnira méjèèjì lé ewéko lórí ní ọjọ́ kan náà ń fi ẹrù ẹni méjì lé orí ẹnì kan. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Bí ewé tuntun bá yọ, ó ti gbà láti máa gbé ibẹ̀. Ìgbà náà ni kí a tó fọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀. Bí ìkòkò bá há mọ́ ọn jù, kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní bí oṣù kan ṣáájú kíkó lọ, kí ó lè ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé.

Nígbà tí àkókò bá tó, kí a bomi rin ín ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí a fi ọwọ́ di ìdí rẹ̀ mú, kí a dojú ìkòkò délẹ̀ díẹ̀, kí ó lè jáde pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀. Kí a tú gbòǹgbò tí ó ti yí po, kí a gé èyí tí ó ti jẹrà. Ṣùgbọ́n kí a má fọ gbogbo erùpẹ̀ àtijọ́ kúrò lára gbòǹgbò tí ara rẹ̀ le. Erùpẹ̀ àtijọ́ ni kí ó wà láàrin, kí tuntun yí i ká. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Bákan náà ni gbòǹgbò yóò fi díẹ̀díẹ̀ jáde láti inú ohun tí ó mọ̀ sínú ohun tí kò mọ̀, títí méjèèjì yóò fi di ilẹ̀ kan fún un. Lẹ́yìn èyí, kí a gbé e sí ibòji fún ọjọ́ mélòó kan. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ó sàn jù fún irú iṣẹ́ yìí lágbègbè wa. Àárín ọyẹ́ ni ó burú jù.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ìkòkò ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ènìyàn yóò rò pé bí ìkòkò bá ti tóbi tó ni inúure ti pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkòkò tuntun kò gbọdọ̀ fi ju bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí márùn-ún fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ó sì gbọdọ̀ ní ihò nísàlẹ̀. Bí ó bá tóbi jù, erùpẹ̀ tí gbòǹgbò kò tíì dé yóò máa gba omi sára, omi náà kò ní rí ẹni mu ún, gbòǹgbò á sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà. Ewéko tí omi pa pọ̀ gan-an, àwọn olówó wọn kò sì ní inú burúkú sí wọn. Oore tí kò wo bí agbára ẹni tí ń gbà á ti mọ lè di ìpalára. Ẹni tí ń fúnni gbọdọ̀ béèrè pé, "Kí ni eléyìí lè lò nísinsìnyí?" kí ó tó béèrè pé, "Mélòó ni mo lè fún un?"

Ẹni kejì tí a jẹ ní gbèsè ni ibi tí a ń fi sílẹ̀. Ìtàn àwọn àgbà jẹ́ kí a mọ̀ pé ní ìgbà ogun Dàhòmì, àwọn òkè yìí ni ààbò àwọn baba wa. Ní orí òkè àti ní ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n ń gbé, níbi tí ọ̀tá kò ti lè tètè dé. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì láàrin ọdún 1892 sí 1894, tí ìbẹ̀rù ogun sì kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ènìyàn túbọ̀ ń sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Wọ́n kó àwo wọn, wọ́n kó ẹran wọn. Igi kò ṣeé kó. Káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, igi oṣè ńlá tí ó dá dúró sábà máa ń jẹ́ àmì pé ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí, pèrègún tí ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú igbó sì lè fi ibi tí ààlà tàbí ojúbọ wà tẹ́lẹ̀ hàn wá. Ohun tí a gbìn ń bá wa jẹ́rìí lẹ́yìn tí ògiri bá ti wó tán.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ohun tí a ní ẹ̀tọ́ láti gbé ni ó yẹ kí a gbé. Ní agbo ilé tí ènìyàn púpọ̀ ń gbé, efinrin tí ẹnì kan gbìn sínú garawa lẹ́bàá ilé ìdáná ti di ti gbogbo ilé: ọmọ tí inú ń run ń jẹ nínú rẹ̀, obìnrin tí ń se ọbẹ̀ ń já nínú rẹ̀. Ẹni tí ó gbìn ín ni ó ni garawa. Ṣé òun nìkan ni ó ni efinrin? Òfin lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọlúàbí yóò dúró díẹ̀ kí ó tó dáhùn. Ewéko sì fún wa ní ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ ohun ìní kò ní: ó lè lọ, kí ó sì tún dúró. Gé ẹ̀ka efinrin, rì í sínú omi tàbí erùpẹ̀ tútù, yóò ta gbòǹgbò. Gé ọ̀pá pèrègún tí ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, gún un mọ́lẹ̀ lásìkò òjò, yóò hù. Ẹni tí ó ń kó lọ lè mú ọ̀kan lọ, kí ó fi ọ̀kan sílẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò pàdánù.

Ẹni kẹta ni ibi tí a ń lọ, òun sì ni ẹni tí a máa ń gbàgbé jù. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ni ó sì yẹ kí a wò kí a tó gbé ewéko wọ̀ ọ́. Àwa ará Bẹ̀nẹ̀ ní ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà. Ewéko tí àwọn Faransé ń pè ní jacinthe d'eau ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá. Òdòdó rẹ̀ lẹ́wà, ẹwà yìí sì ni ó mú kí àwọn ènìyàn gbé e káàkiri ayé láti fi ṣe ọgbà omi lọ́ṣọ̀ọ́. Lónìí ó ń bo ojú omi Nokoué àti odò Ouémé, ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ àwọn apẹja, ó sì ń dènà ìmọ́lẹ̀ fún ẹja. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e kò ní ètekéte lọ́kàn. Wọn kò kàn bi omi náà léèrè ni.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi jẹ́ pé, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 2019, arìnrìn-àjò tí ó bá ń wọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìparapọ̀ Yúróòpù kò lè gbé ewéko wọlé láìní ìwé ẹ̀rí ìlera ewéko, bí kò ṣe èso díẹ̀ bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àgbọn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ wa kan tí ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Faransé ka òfin yìí sí ẹ̀gbin. Mo lóye ìbínú wọn, nítorí ẹnu ibodè yẹn le mọ́ wa lórí ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ewéko, ohun tí òfin náà ń sọ kò yàtọ̀ sí ohun tí apẹja Ganvié lè sọ: kòkòrò àti àrùn a máa fara pamọ́ sínú erùpẹ̀, onílé sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí àlejò gbé wọlé.

Ohun àgbàyanu kan wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè gbé pèrègún bàbá rẹ̀ kọjá ibodè lè wọ ilé ìtajà òdòdó ní Paris kí ó sì bá pèrègún níbẹ̀. Dracaena fragrans ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, ó sì wà lára àwọn ewéko inú ilé tí Yúróòpù mọ̀ jù lọ. Ní Ìdáàṣà, ìta ni ó ń gbé: ó ń sọ ibi tí ilẹ̀ ẹnì kan parí sí, ó ń ṣọ́ ojúbọ, ẹni tí ó bá rí i á mọ̀ pé kò yẹ kí òun kàn kọjá bẹ́ẹ̀. Ní Paris, ẹ̀gbẹ́ àga ni ó dúró sí, nínú yàrá tí a ń fi iná mú gbóná. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsílì, níbi tí àwọn ará wa tí a kó lẹ́rú ti tún ilé òrìṣà kọ́, wọ́n ń pè é ní peregum, wọ́n sì gbìn ín yí àwọn ilé náà ká. Akòko tí a fi ń jẹ oyè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, acocô ni orúkọ rẹ̀.

Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni pèrègún tòótọ́? Bí a bá ní èyí tí ó wà lórí ilẹ̀ àtijọ́ nìkan ni, a ti sọ pé iṣẹ́ àwọn ará Bahia kò já mọ́ nǹkan. Bí a bá sì ní gbogbo wọn dọ́gba nítorí pé ewé wọn jọra, a ti sọ pé ojúbọ àti ẹ̀gbẹ́ àga kò yàtọ̀. Èrò tèmi ni pé ohun tí ó sọ pèrègún di pèrègún fún wa ni ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ tí a sì ń bá a ṣe. Ará Bahia pàdánù ilẹ̀, ó di ìmọ̀ mú. Pèrègún rẹ̀ ṣì ń ṣọ́ ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ra ti Paris, tí ó sì lè sọ fún ọmọ rẹ̀ ohun tí igi yìí ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá àgbà, ti mú nǹkan kan kọjá tí kò sí aṣọ́bodè tí ó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé bí ènìyàn bá ti ń sọ̀rọ̀ gbòǹgbò, ọkàn a máa yára sáré lọ sórí ènìyàn. Simone Weil, amòye obìnrin ará Faransé, kọ ìwé kan ní London ní ọdún 1943, ọdún tí ó kú, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1949 pẹ̀lú orúkọ L'Enracinement. Ó fi hàn níbẹ̀ pé níní gbòǹgbò jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àìní tí ó ṣe kókó jù fún ọkàn ènìyàn, ó sì ka ìjẹgàba orílẹ̀-èdè kan lórí òmíràn mọ́ ohun tí ń fa àwọn ènìyàn tu. Ìwé yìí yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kà. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra nínú àfiwé. Ewéko kì í rìn, ènìyàn ń rìn. Ẹni tí ó bá ń sọ fún ọ̀dọ́ pé kí ó má kúrò nílùú nítorí gbòǹgbò ti gbàgbé pé àwọn baba ńlá wa pàápàá ti ibòmíràn wá kí wọ́n tó dé òkè yìí.

Ibi tí àfiwé náà ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ọ̀rọ̀ àwọn òbí wa tí ó ti dàgbà. Ọmọ ti rí iṣẹ́ ní Kùtọnu tàbí ní ìlú òyìnbó, ó ní ilé tí ó dára, ó sì fẹ́ kí ìyá òun wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ìfẹ́ ni, a kò lè bá a wí nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti ń ṣe é. Láàrin ọjọ́ kan, a ti pààrọ̀ ibùsùn ìyá, oúnjẹ rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ àti èdè tí ó ń gbọ́ lójú fèrèsé. Àga tí ó ti ń jókòó lé láti ogún ọdún, a ní ó ti gbó, a fi sílẹ̀. A gbé e sínú yàrá ńlá tí kò sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀ fún ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìyá kò sọ̀rọ̀ mọ́, àwa náà sì ń béèrè pé kí ni a kò ṣe fún un. Ohun tí a kì í ṣe sí òdòdó inú ìkòkò ni a ti ṣe sí i: a fa á tu, a fọ gbogbo erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, a sì gbé e sínú ìkòkò tí ó tóbi jù, gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kan.

N kò sọ pé kí a má mú òbí wá sọ́dọ̀. Nígbà mìíràn àìsàn ti dé, kò sì sí ẹni tí yóò fún un ní omi mu ní abúlé. Fífi í sílẹ̀ níbẹ̀ ni yóò jẹ́ ìkà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀nà tí a gbà ṣe é jẹ́ apá kan ohun tí a ṣe. Kí àga rẹ̀ bá a lọ. Kí ó kọ́kọ́ wá fún oṣù kan, kí ó padà sílé, kí ó tún wá. Kí iṣẹ́ kan wà tí ilé náà nílò ọwọ́ rẹ̀ fún. Kí a sì rántí àwọn tí ó fi sílẹ̀, nítorí pé ọmọ aládùúgbò tí ó ti ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ náà pàdánù ìyá.

Lékè gbogbo rẹ̀, ìyàtọ̀ kan wà tí kò gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wa. Ewéko kò lè sọ pé rárá. Nítorí pé kò lè sọ ọ́ ni a ṣe gbọdọ̀ máa wo ewé rẹ̀, kí a máa fi ìka tọ́ erùpẹ̀ rẹ̀ wò, kí a máa fòye gbé ohun tí ó fẹ́. Ìyá lè sọ ọ́. Ẹni tí ó bá ń fòye gbé ohun tí ìyá rẹ̀ fẹ́ nígbà tí ẹnu ìyá ṣì wà níbẹ̀ ti sọ ìyá di ewéko. Àwa kọ́ ni a gbé e sínú ìkòkò. Òun ni ó gbin àwa, tí ó sì bomi rin wá nígbà tí a kò lè dá gbé. Bí a bá wá ń gbé e kiri láìbi í, a ti yí gbèsè náà padà, a ti sọ ẹni tí a jẹ di ẹrù tí a ń kó.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń gé igi nígbó, kí a máa fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ó kó ẹrù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ tí ń bọ̀, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí awakọ̀ bá ń fọn fèrè kí ẹ tó rántí ìkòkò tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ní oṣù kan ṣáájú, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé ilé tí mò ń lọ ní ìmọ́lẹ̀ tí eléyìí lè lò? Ta ni ó ń lò ó níbí, tí yóò wá a tì? Ṣé mo lè gé ọ̀kan sílẹ̀? Bí ẹ kò bá lè tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi í lé ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ ní ojúmọmọ, kí ẹ sì sọ fún un iye ọjọ́ tí ó fi ń mu omi. Fífi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kì í ṣe ìjá-ìlérí. Gbígbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí a ti tì, kí a sì máa lọ, ni ìjá-ìlérí.